Wo Iná Orí Ẹ́ńjìnnì Kí O Tó Bú Fóònù

Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n tún la tuntun, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, Abẹ́òkúta náà ni wọ́n tún gbà. Àwa ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, ọkọ̀ títì ni tiwa. Mo ti dàgbà kí n tó fojú kan rélùwéè. Agége ni mo ti rí i, mo sì dúró wò ó títí ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ padà sí Ṣàgámù fi fi mí sílẹ̀.

Torí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, kó ẹrù rẹ̀ dé sí Ìjẹ̀bú Òde lẹ́yìn ọdún gbọọrọ nílùú òyìnbó, tí wọ́n sì ní kí n wá wo páálí ńlá kan tó wà nínú ẹrù náà, n kò bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ló kún inú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ ẹrù bíi mẹ́wàá, àti irin tó tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀kan nínú 76 ìwọ̀n ọkọ̀ gidi ni ẹ́ńjìnnì náà, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5.

"Ṣebí ìwọ lò ń tún fóònù ṣe," ni Bàbá wí. "Gbé e lọ sí Ṣàgámù, kó o bá mi mú un rìn."

Mo ra pilaíwúùdù méjì, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi orí wọn ko orí nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Mákún. Mo fi ọ̀dà kọ orúkọ ibùdó mẹ́rin sí i: Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Odògbolú, Ìjẹ̀bú Òde. Ibi tí ìjọba kò la ojú irin dé, èmi là á dé.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ èyí, owó ni yóò máa ná bí mo ṣe ná an. Láyé àtijọ́, bí iná tó wà lórí irin bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó. Bí ẹ́ńjìnnì méjì bá wà lórí irin kan, méjèèjì á jọ gbéra ni. Ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní DCC ló yí i padà. Iṣẹ́ Bernd Lenz, ará Jámánì, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kéékèèké ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ló sì sọ ọ́ di ìlànà kan fún gbogbo ilé iṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1990. Nínú DCC, iná tó ń gbé ẹ́ńjìnnì rìn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ, orí irin méjì kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Iná náà ń yí síwá, ó ń yí sẹ́yìn. Pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: tí ìyísí kan bá gba 58 nínú rẹ̀, oókan ló ń wí, tó bá gba 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdo ló ń wí. Dikódà kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbọ́ èdè yìí.

Onígángan lóde àríyá ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo èrò ló ń gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ki oríkì rẹ̀ ló ń dìde náwó. Nọ́ḿbà ni oríkì ẹ́ńjìnnì. Láti ilé iṣẹ́, nọ́ḿbà 3 ni wọ́n máa ń fún gbogbo wọn. Bí o kò bá yí i padà, gbogbo wọn á jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá pariwo "Àlájì!" lọ́jà Sábó.

Èmi kò ra bọ́ọ̀dù olówó ńlá tí wọ́n fi ń pàṣẹ lórí irin. DCC-EX ni mo lò, èyí tí ètò rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Arduino Mega kan, ìyẹn bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré, bọ́ọ̀dù mọ́tò kan tó jókòó lé e lórí, àti bọ́ọ̀dù Wi-Fi kékeré tó ń jẹ́ ESP8266. Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù fóòtì 15 ni mo fi fún irin níná. Fóònù Android àtijọ́ tí mo fi áàpù Engine Driver sí la fi ń wa ọkọ̀; o kàn máa ti ìka rẹ sókè, ọkọ̀ á gbéra.

Àdánù kò pẹ́ dé. Ẹ́ńjìnnì tó dàgbà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní dikódà nínú rárá. Mo gbé e lé irin, ó ń kùn bí oyin, kò rìn, nígbà tí n óò fi fọwọ́ kàn án ó ti gbóná. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí mọ́tò lásán sinmi. Ìyẹn ṣì dín. Ìwé ìlànà DCC-EX sọ ọ́ gbangba pé kí n gé ìlà kan lórí bọ́ọ̀dù mọ́tò, kí iná irin má baà ya wọ inú Arduino. Mo kà á. Mo ní màá gé e tó bá yá. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé fóòtì 15 ti wọlé. Èmi tí mo ń bú àwọn oníbàárà pé wọn kì í ka ìwé ṣájà!

Lẹ́yìn tí mo ra Arduino mìíràn, tí mo sì gé ìlà náà, ọkọ̀ rìn. Ó kúrò ní Ṣàgámù pẹ̀lú ọlá. Ó dé Ìkẹ́nnẹ́, ó gbọ̀n, ó dúró. Mo ti ìka sókè, kò dáhùn. Mo fi ọwọ́ tì í díẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ìkẹ́nnẹ́ náà. Ìgbà mìíràn Odògbolú. Mo ní Wi-Fi ni. Kí ló tún lè jẹ́? Tí èèyàn bá ti ń tún fóònù ṣe fún ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bá afẹ́fẹ́ jà. Mo pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ra rúúta ní Ìkẹjà, mo tan 5 GHz rẹ̀ nìkan torí wọ́n ní òun ló yára jù, bọ́ọ̀dù mi kò tilẹ̀ rí i, 2.4 GHz nìkan ni ESP8266 mọ̀. Mo gbé bọ́ọ̀dù kúrò lábẹ́ tábìlì, mo gbé e kọ́ ògiri. (Ìyẹn wúlò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹjọ́ ọjọ́ náà.) Bàbá Lọ́ńdọ̀nù á pè láti Òde lálẹ́ Sátidé: "Rélùwéè tèmi dà? Ṣé kò ì tíì kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́?" N óò ní, "Ẹ ṣì ní sùúrù, sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ọmọ iṣẹ́ mi ló tú u. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò mọ nǹkan kan nípa rélùwéè. Ó jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ ẹ̀pà, ojú rẹ̀ sì ṣe déédéé orí irin. Èmi nìyẹn lórí ìdúró, fóònù ni mo ń wò.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o," ló wí. "Iná orí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú, kó tó dúró."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ojú mi náà sí déédéé irin. Òótọ́ ni. Iná orí ẹ́ńjìnnì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú, ọkọ̀ dúró.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bọ́ọ̀dù tó ń pàṣẹ kì í dákẹ́. Àṣẹ ìkẹyìn tí fóònù fún un, òun náà ni yóò máa tún wí lórí irin ṣáá. Tí fóònù bá já, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ, àyàfi tí àdéhùn bá wà láàárín áàpù àti bọ́ọ̀dù pé bí fóònù bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Nígbà náà pàápàá, iná irin kò lọ, iná orí ẹ́ńjìnnì á ṣì máa tàn. Fóònù tó já kò lágbára láti pa á. Ẹsẹ̀ irin ni iná yẹn ti ń wá. Tó bá kú, oúnjẹ kò dé ẹnu ẹ́ńjìnnì mọ́ nìyẹn. Tó bá ń tàn tí ọkọ̀ sì dúró, ọ̀rọ̀ ni kò dé etí. Oṣù mẹ́ta, owó rúúta, fóònù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ wà nínú gílóòbù tí kò ju orí ìṣáná lọ.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ irin, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù.

Ìyàwó mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan gààrí ní ẹ̀yìnkùlé wa. Gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ ọ́n: kíkan, wẹ́wẹ́, kò lépo. Fèrèsé yàrá rélùwéè kọjú sí ibi ààrò. Èéfín igi àti eruku gààrí ni wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń bà sórí irin láràárọ̀, nígbà ọyẹ́ sì ni eruku títì ń bá wọn kún un. Mo fi aṣọ funfun nu irin Ìkẹ́nnẹ́, aṣọ dúdú ló jáde. Mo ní kí ìyàwó mi bá mi sún ààrò sẹ́yìn díẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé rélùwéè yín ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ?" Ààrò kò kúrò. Èmi ni mo kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, tí mo ń da aṣọ bo tábìlì lálẹ́.

Sáńpépà ni mo kọ́kọ́ fi nu irin, ẹ má ṣe é. Ó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìdọ̀tí jókòó sínú ojú ìlà tí sáńpépà fà, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀. Sípíríìtì tí a fi ń fọ bọ́ọ̀dù fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ti ní láti ọjọ́ yìí wá, òun ni mo wá ń lò, lórí aṣọ tí kì í tú fọ́nrán. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Irin lè mọ́ bíi dígí, bí ẹsẹ̀ bá dọ̀tí, asán ni.

Ìkẹ́nnẹ́ wá dára. Òde kò dára. Ẹ́ńjìnnì á dé apá ibẹ̀, á máa falẹ̀, bí ẹni tí ebi ń pa. Mo fi mítà wọn iná lórí irin nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rìn. Mítà lásán kì í ka iná DCC dáadáa, iná náà yára jù fún un, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ibì kan wé ibòmíràn. Lẹ́bàá bọ́ọ̀dù ó kà bíi fóòtì 13, ní Òde ó kà 9. Níbo ni ìyókù lọ? Wáyà méjì péré ni mo so mọ́ irin, ní Ṣàgámù. Láti ibẹ̀ dé Òde, àwọn ìdè pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so irin kan mọ́ ìkejì nìkan ni mo fọkàn tán, àwọn ìdè náà sì ti dípẹtà láti inú páálí Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdánwò kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe: wọ́n á fi owó onírin dábùú irin méjèèjì kó bíríìjì. Bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ pa iná lójú ẹsẹ̀. Mo wá náírà onírin kan jáde nínú àpótí, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í gbà lọ́jà mọ́. Ní Ṣàgámù, mo gbé e lé e, iná kú pẹ́ẹ́. Ní Òde, mo gbé e lé e, iná kò kú. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́ ìka mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìdè tó dípẹtà ń dí iná lọ́nà débi pé bọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé nǹkan ti bíríìjì níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá yẹ̀ kúrò lójú irin ní Òde tí n kò sí nílé, á máa gbóná lọ ni títí á fi yọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ ra wáyà iná ilé, mìlímítà 2.5, mo tẹ́ méjì sábẹ́ tábìlì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ní bíi mítà kọ̀ọ̀kan, mo fa wáyà tín-ín-rín láti ara rẹ̀ sókè, mo fi léèdì jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin. Mo tún fi náírà dánwò níbi mẹ́wàá. Níbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ́ẹ́.

Ibì kan ṣoṣo ló kù, oríta tó ya wọ ibùdó Odògbolú. Ní oríta, ibì kan wà tí irin ti ń kọjá lórí irin. Òyìnbó ń pè é ní ọ̀pọ̀lọ́, n kò tíì rí ibi tó ti jọ ọ̀pọ̀lọ́. Tiwa, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, iná kò sí níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó bá rìn pẹ̀lẹ́, á gun orí rẹ̀, ebi á pa á síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

N kò wí pé fóònù kì í jẹ̀bi o. Ẹjọ́ tirẹ̀ pọ̀, ó kàn jẹ́ pé iná orí ẹ́ńjìnnì kì í kú nínú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ESP8266 ń ṣe kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú, àdírẹ́sì 192.168.4.1, ẹnu ọ̀nà (port) 2560, ó tán. Fóònù Android á wò ó, á ní "kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbí," á sì yọ́ lọ sórí dátà láìsọ fún ẹni tó ni ín. Ojú áàpù ṣì wà níbẹ̀, ìka ń lọ sókè sódò, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Mo ń pa dátà fóònù tó ń wa ọkọ̀ báyìí, tàbí kí n yọ síìmù rẹ̀ pátápátá. Òmíràn ni ètò tó ń dá bátìrì sí: ojú fóònù á ṣókùnkùn, áàpù á sùn, ọkọ̀ á dúró ní àárín igbó. Mo ti yọ áàpù yẹn kúrò lábẹ́ ètò náà. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, bọ́ọ̀dù á tún ara rẹ̀ tàn, Wi-Fi rẹ̀ á pòórá díẹ̀ kó tó padà, fóònù á ti bá ẹlòmíràn lọ ní ilé kejì. Ẹ yẹ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò kí ẹ tó yẹ nǹkan mìíràn wò.

Àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí irin àti afẹ́fẹ́ jọ wẹ̀, tó jẹ́ pé dikódà ló ń ṣe orí kunkun. Mo so ẹ́ńjìnnì méjì pọ̀ nígbà kan kí wọ́n jọ fa ẹrù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tú wọn ká, mo pe ọ̀kan ní nọ́ḿbà rẹ̀: iná orí rẹ̀ ń tàn, ó ń pa bí mo ṣe ń ní kó pa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra. Ó ń jẹ́ mi lóhùn, kò bá mi lọ. Nínú dikódà, àwọn àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CV. CV19 ni wọ́n ń kọ nọ́ḿbà ẹgbẹ́ sí, tí nọ́ḿbà kan bá sì ti wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò ní dá ìpè tirẹ̀ lóhùn mọ́. Mo kọ òdo síbẹ̀, ó lọ. Èkejì máa ń já eré burúkú bí iná bá ṣe dé, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. CV29 tirẹ̀ jẹ́ 6. Ìyẹn ń sọ fún un pé kó máa gba iná ayé àtijọ́ náà. Tí iná bá ti ṣe ségesège lórí irin, á rò pé ayé àtijọ́ ti dé, á gbá lọ. Mo yọ 4 kúrò, ó ku 2, ó dákẹ́.

Mo wá rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ní kí n gbé e wá sí Òde fún Ojúde Ọba, kí gbogbo ẹbí rí i. Ọjọ́ kẹta Iléyá nìyẹn, ilé kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin ti wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin ni gbogbo ẹnu. A to tábìlì sí pálọ̀. Ọkọ̀ gbéra, ó rìn ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó dúró. Ó tún rìn, ó tún dúró. Iná orí rẹ̀ ń tàn gbòò. Mo rí i. Ojú mi rí i dáadáa. Síbẹ̀, mo ká apá agbádá mi sókè, mo gbé sípíríìtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin. Irin ti jẹ̀bi nínú ọkàn mi fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè gbọ́ ẹjọ́ mìíràn mọ́. Mo nu ún fún wákàtí kan, niwájú àwọn àna mi.

Nígbà tó yá, gbogbo wọn jáde lọ sí Ojúde. Mo kù èmi nìkan, inú ń bí mi. Mo tan ọkọ̀, ó rìn geere láti Ṣàgámù dé Òde, ó padà. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní ìrọ̀lẹ́, èrò padà dé, fóònù lọ́wọ́ oníkálukú, ọ̀dọ́ mẹ́fà ló tan hotspot kí àwọn tó kù fi fi fọ́tò ẹṣin ránṣẹ́. Ọkọ̀ dúró.

2.4 GHz kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Mo fi áàpù tó ń fi Wi-Fi àyíká hàn wò ó: ṣánẹ́ẹ̀lì 1, ìyẹn ojú ọ̀nà Wi-Fi tí bọ́ọ̀dù mi wà, kún bí ọjà Òkè Ajé. Ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn. 11 fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo tún ètò bọ́ọ̀dù kọ, mo gbé e lọ síbẹ̀. Mo tún rí i pé èèyàn ogún ló yí tábìlì ká, bọ́ọ̀dù sì ti padà sábẹ́ tábìlì nígbà tí a ń kó ẹrù; omi ló pọ̀ nínú ara èèyàn, irú Wi-Fi yìí kì í sì gba inú omi kọjá dáadáa. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ní kí àwọn ọmọ pa hotspot, wọ́n pa á torí pé Bàbá ló sọ ọ́. Ọkọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá alẹ́.

Ó wá ku ọ̀pọ̀lọ́ Odògbolú. Nígbà tí a gbé tábìlì padà sí Ṣàgámù, mo ní kí n parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo so kàpásítọ̀ mọ́ dikódà ẹ́ńjìnnì kékeré náà. Bí agbè omi ló rí: á pọn iná pamọ́ nígbà tí iná wà, á sì máa bu ú mu níbi tí iná kò sí. Ẹ́ńjìnnì gun orí ọ̀pọ̀lọ́, kò tilẹ̀ mira. Ó dùn mọ́ mi. Mo pe Bàbá, mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i.

Wọ́n wá ní Sátidé, wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun Òde, pẹ̀lú gíláàsì omi wọn. Ọkọ̀ kúrò ní Ṣàgámù, ó kọjá Ìkẹ́nnẹ́, ó gun ọ̀pọ̀lọ́ Odògbolú, iná orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Bó ṣe ń wọ Òde, mo fa ìka sísàlẹ̀. Kò dúró. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Kò dúró. Ó kọjá ibùdó, ó kọjá ibi tí irin parí, ó bọ́ sílẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀ Bàbá.

Iná orí rẹ̀ ṣì ń tàn nílẹ̀ níbẹ̀.

Òfin mi ní: iná ń tàn, ọ̀rọ̀ kò dé etí, afẹ́fẹ́ ni. Mo fi fóònù kan náà pe ẹ́ńjìnnì kejì ní Ṣàgámù, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ mọ́. Mo yọ mítà: orí irin Òde, òdo. Wáyà kan tí mo fi léèdì jó ti já nígbà tí a ń gbé tábìlì bọ̀ láti Ojúde Ọba. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti wọ Òde, kò sí iná, kò sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n agbè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mu omi inú agbè, ó sì ń tẹ̀ lé àṣẹ ìkẹyìn tó gbọ́: máa lọ. Ọ̀rọ̀ kò dé etí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin náà ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Kàpásítọ̀ tí èmi fúnra mi so mọ́ ọn ló fọ́ ojú tí mo fi ń ríran.

Báyìí, ẹ́ńjìnnì tó dàgbà jù, èyí tó kùn bí oyin lọ́jọ́ kìíní, ti ní dikódà, ṣùgbọ́n n kò so kàpásítọ̀ mọ́ ọn, n kò sì ní so ó. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rán lọ sójú irin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwọn tó ní agbè tó jáde. Ibi tí iná orí rẹ̀ bá ti ṣẹ́jú, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ẹ́ńjìnnì nílẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò nu iwájú rẹ̀ tó ti là. Wọ́n wo ibi tí irin parí, wọ́n wo ilẹ̀. "Ṣé Ẹ̀pẹ́ lèyí ń lọ ni?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán ọlọ́kadà sí mi pẹ̀lú ìdajì pilaíwúùdù àti páálí irin tuntun kan. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ní ká fà á dé. Mo ti pè wọ́n pé kí wọ́n fi owó wáyà ránṣẹ́ ná.